Rédíò Mọ́tò Tó Ń Dákẹ́ Níbi Orúkọ Bàbá Mi

Kí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí tó lù, bàbá mi ti wà nínú mọ́tò. Wọ́n ti de bẹ́líìtì mọ́ra, wọ́n sì ń wo iwájú bí ẹni pé Èkó fẹ́ kọjá lọ kí a tó dé ibẹ̀. Èmi ṣì ń wá bàtà mi kan.

"Mùyídì! Ṣé ìwé lo tún ń kà ni?"

Ìgbà tí mo bá pẹ́ nìkan ni bàbá mi máa ń rántí pé mo kàwé.

Láti Ìbàdàn sí Ìsàlẹ̀ Èkó, a kò lọ ṣe ìgbéyàwó, a kò sì lọ sìnkú. Rédíò mọ́tò la gbé lọ. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní yunifásítì máa ń fò lọ sí òkè òkun láti lọ ka ìwé olójú ewé mẹ́ta fún àwọn ènìyàn tó ń tòògbé, tí wọ́n á sì padà wá ròyìn ìrìn àjò náà fún oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí tèmi náà ní ìròyìn.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ìyá mi, Àlùhájà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, kú. Àwọn ló máa ń lé orin wákà nínú ẹgbẹ́ àsálátù wọn, obìnrin ẹgbẹ́ kan sì ti fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ rí. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, àbúrò mi kó orin náà sínú fúláàṣì, ó tì í bọ rédíò mọ́tò bàbá wa. Etí bàbá mi ti wúwo. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí a rà fún wọn ṣì wà nínú páálí. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń gbọ́ nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ariwo ẹja nínú òróró gbígbóná. Ohùn fóònù kò sì ròkè tó. Inú mọ́tò nìkan ni wọ́n ti lè gbọ́ ìyàwó wọn.

Láàárín orin náà, ìyá mi rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Àlàbí, ọkọ mi ò…" Bàbá mi ni Àlàbí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ yẹn, wọ́n á yí rédíò sókè kí wọ́n lè gbọ́ ìyókù. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn yóò ti pa lójijì. Iná rédíò á ṣì máa tàn, ìṣẹ́jú á ṣì máa sáré lójú rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ìyá mi ń bá orin lọ, ṣùgbọ́n a kò ní gbọ́ nǹkan kan. Kí ohùn tó padà, wọ́n á ti kọjá orí ọkọ wọn, wọ́n á ti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá síbi ìpàdé.

Oníṣẹ́ mẹ́ta ló yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìbàdàn. Ọ̀kan pààrọ̀ fíúsì. Èkejì pààrọ̀ sípíkà. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ó sú u, fi ṣeré pé, "Bàbá, bóyá Àlùhájà ni ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn àwọn mọ́."

Bàbá mi kò gbà á bí eré. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bi mí pé, "Ṣé mo ṣẹ ìyá ẹ ni?" Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún bi mí. Èmi tí mo máa ń fi gbogbo ayé ṣẹ̀fẹ̀, n kò fi èyí ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní mo ti fi fóònù gbọ́ ibẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ fún wọn.

"Ṣé ẹnu ẹ ni mo fẹ́ níyàwó?"

Wọ́n wá pinnu pé Ìdúmọ̀tà ni ìyá mi fúnra wọn ti bá àwọn ra rédíò náà, ibẹ̀ la ó gbé e padà sí.

Ní Ìbafọ̀, a dúró jẹun. Àkàrà mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Nínú búrẹ́dì ni wọ́n ki í sí. Nílé wa, ẹ̀kọ la fi ń jẹ àkàrà, bàbá mi sì wo búrẹ́dì náà tìka-tẹ̀gbin, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n jẹ lára tèmi. Lórí afárá gígùn tó dá ọ̀sà kọjá, oòrùn ti yọ, èéfín sì ń gòkè láti orí àwọn ilé inú omi. Bàbá mi kò tan rédíò. Láti Ìbàdàn ni wọn kò ti tàn án.

Àyè ìgbọ́kọ̀sí nítòsí Ìdúmọ̀tà gba ẹgbẹ̀rún méjì. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí iwájú ilé ẹnìkan ní agbolé wa, ohun tí wọ́n á bi yín ni bóyá ẹ ti jẹun.

Ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ, ṣùgbọ́n pátákó iwájú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ àgbáyé ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín, Ràṣídì, so táì mọ́rùn nínú ooru yẹn. Ó ní oyè òun ni Agbaninímọ̀ràn Àgbà Lórí Ọ̀rọ̀ Ohùn. Inú mi dùn. Mo ti rò pé àwa nìkan la ní irú oyè bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì.

"Dádì, áńpù yín ló kéré," ó wí. Áńpù ni ẹ̀rọ inú búùtù tó ń fi agbára kún ohùn rédíò. Ó gbé òmíràn kalẹ̀, ó tóbi bí àpótí ológun. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án. Ẹ tan eléyìí ní Ìbàdàn, Kútọnu á ní kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

"Ṣé ó máa jẹ́ kó dárúkọ mi?" bàbá mi bi í.

"Ta ni, Dádì?"

"Ìyàwó mi. Ó ti kú. Ó máa ń dákẹ́ tó bá ti kan orúkọ mi."

Mo ti ń retí pé kí ọmọ náà fo gbólóhùn yẹn bí ẹni fo gọ́tà, kó sì gba owó. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tí n ó kọ nípa rẹ̀ jọ lọ́kàn. Ràṣídì wo bàbá mi, ó tú táì rẹ̀, ó gbé áńpù padà sórí pẹpẹ.

"Dádì, ẹ má rà á. Ẹ lọ bá Bàbá Mítà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Bí wọ́n bá ní áńpù ló bàjẹ́, kí ẹ padà wá." Ó kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa rọra mú wọn lọ o."

Mo fi ẹ̀gàn mi sápò.

Bàbá Mítà tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Iwájú ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ọ̀nà ti há tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn mọ́tò wa kò lè ṣí tán. Ní Ìbàdàn, oníṣẹ́ á kọ́kọ́ tú ọkọ̀, á tó bi ọ́ ní ohun tó ń ṣe é. Bàbá Mítà kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n kí bàbá mi, wọ́n bèèrè ọmọ ilé tí ìyá mi í ṣe, wọ́n ṣe àdúà fún wọn, wọ́n wá tẹ́tí sí gbogbo ẹjọ́ wa.

"Ẹ yọ fúláàṣì Àlùhájà," wọ́n wí. Wọ́n ki tiwọn bọ̀ ọ́, orin fújì ni. Wọ́n yí ohùn sókè. Ó bú jáde, ó sì pa lójijì.

Bàbá Mítà wo bàbá mi. "Bàbá, ṣé Àlùhájà tún ń bínú sí onífújì ni?"

Ẹ̀rín yọ díẹ̀ lẹ́bàá ẹnu bàbá mi. "Wọn ò kúkú fẹ́ràn fújì."

"Ẹ jẹ́ ká wádìí ẹ̀ nígbà náà."

Wọ́n mú mítà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná, èyí tí wọ́n fi ń pè wọ́n. Ní bátìrì, iná pé. Ní áńpù, bí ohùn bá rọlẹ̀, iná pé, ó lé ní fólítì méjìlá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yí ohùn sókè, iná áńpù á já wálẹ̀ sí mẹ́sàn-án, ohùn á sì pa.

"Ebi ló ń pa á," wọ́n wí. "Ẹni tébi ń pa lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kò lè pariwo. Ẹ bá mi ṣí búùtù dáadáa."

Wọ́n tú bóòtù kan nílẹ̀ búùtù. Wáyà dúdú ló wà lábẹ́ rẹ̀, wáyà tó yẹ kó so áńpù mọ́ ara irin mọ́tò kí iná lè rọ́nà padà sí bátìrì. Wọ́n fi èékánná họ ibẹ̀. Ọ̀dà búlúù ṣí kúrò.

"Wáyà yìí ò fara kan irin. Ọ̀dà ló jókòó lé. Ta ló kun ọkọ̀ yìí?"

Ràkúnmí ni ì bá dára kí n jẹ́ lákòókò náà, kí n lè wo òkè lọ.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kùn ún," mo wí.

Nígbà tí àdúà ogójì ọjọ́ ìyá mi kù sí dẹ̀dẹ̀, bàbá mi ní ọkọ̀ dára bó ṣe wà. Èmi ni mo ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀, pé kí wọ́n má bá mọ́tò tó ti ṣá lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo ní kí wọ́n kùn ún dé inú búùtù. Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ló wá. Kò sí èyí tó wo búùtù. Ẹni tó kun ọkọ̀ náà sì tú bóòtù, ó kun abẹ́ rẹ̀, ó tún un dè. Nítorí àwọn àlejò yẹn ni mo ṣe pa ohùn ìyá mi mọ́ ọkọ wọn létí.

Bàbá mi kò bú mi. Wọ́n kàn gbọ́wọ́ lé èjìká mi. "Kì í ṣe pé ìyá ẹ ń bínú sí mi," wọ́n wí.

Bàbá Mítà fi sáńpépà ha ọ̀dà náà títí irin fi funfun, wọ́n pààrọ̀ wáyà sí èyí tó nípọn, wọ́n sì dè é le. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá fúláàṣì padà.

Ohùn ìyá mi jáde. Bàbá mi di sítíárìn mú bí ẹni pé ọkọ̀ ń sáré. "Àlàbí, ọkọ mi ò…" Wọ́n yí i sókè. Wọ́n tún yí i. Kò pa.

"Ẹ bá mi k'Álàbí, ẹni rere ni,
Tó ní n bọ́ bàtà n tó wọ mọ́tò òun,
Àfi bíi mọ́ṣáláṣí ló ń wà kiri!
Lẹ́sẹ̀ lásán náà, n ó bá a dé àlùjánnà."

Gbogbo àsálátù bú sẹ́rìn-ín nínú rédíò. Obìnrin kan tó ń ṣa ìrẹsì lójúde òdìkejì bá wọn gbe orin náà láìgbé ojú sókè, bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ó bú mi!" bàbá mi kígbe. "Lójú gbogbo ẹgbẹ́! Mùyídì, o mọ̀, o ò sọ!" Omi ti dà sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kí wọ́n rí i nù. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n dá a padà. Bàbá Mítà lọ jókòó sẹ́yìn búùtù, wọ́n ń to irinṣẹ́ tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀.

A délé lẹ́yìn ìrun Mọ́gàríbì. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀: kí n tó lọ ra ohùn ńlá, kí n kọ́kọ́ wo ibi tí mo ti kun ọ̀dà. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé tí ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún. Mo ti fi ara mi ṣáájú.

Bàbá mi kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n sì yí ohùn sókè dé òpin. Tísà àgbà, aládùúgbò wa tí kì í fẹ́ ariwo, jáde wá sẹ́nu géètì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

"Mùyídì, ta ló ń pariwo báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Àlùhájà ló ń bá bàbá sọ̀rọ̀."

Wọ́n dúró, wọ́n tẹ́tí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì wọn.

"Bá wa kí wọn," wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ.