Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ àti Ìpín Keje

Ojú ìwé mẹ́tàlélógún ló bọ́ sí Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó ní àwòrán.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ènìyàn méje ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ tó máa ń kàwé pọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ ìwé kan ni wọ́n rí. Ìwé àtijọ́ ni, ìtàn ilé kan tí òkú ò jẹ́ kí alààyè gbádùn, irú èyí tí àwọn bàbá wọn kà tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ìyá wọn. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tó ń di ìwé ní òpópónà kejì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Abẹ́rẹ́, yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní kò sí wàhálà. Ó fi ọ̀bẹ tú òwú ẹ̀yìn rẹ̀, ó pín in sí ọ̀nà méje, ó fi páálí bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kálukú yóò gbé ìpín tirẹ̀ lọ sílé, yóò kà á títí ẹnu rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn, nígbà tí Sátidé rẹ̀ bá kàn, yóò kà á sókè létí àwọn yòókù. Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, Bàbá Abẹ́rẹ́ yóò rán ìwé náà padà, ẹni tó ka ìpín ìkẹyìn ni yóò sì gbé odindi rẹ̀ lọ sílé. Òfin ẹgbẹ́ nìyẹn. Òfin kejì ni pé bí ẹnì kan bá ń kàwé lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́ àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá na ìka sókè.

Wọ́n ṣẹ́ kèké. Ìpín keje bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́.

Tíṣà wúkọ́. Tíṣà yìí ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Òun ni olórí ẹgbẹ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Ìpín kẹta ló wà lọ́wọ́ mi, ojú ìwé mọ́kànlá péré. Oúnjẹ ni wọ́n kàn ń jẹ níbẹ̀, kò le rárá."

"Tíṣà, ẹ ṣeun. Ebi ò pa mí."

Dírẹ́bà, ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ nípọn bí òpó, bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ìṣirò ló ń ṣe lọ́kàn, kì í ṣe ìkà. Gbogbo wọn mọ̀ pé Ìyá máa ń lo ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lórí ojú ìwé kan. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́tàlélógún, wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni, ó dín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wákàtí méjì sì ni ìpàdé, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni bá fẹ́ gbé àpótí gba ẹnu ọ̀nà, ó yẹ kó kọ́kọ́ wọn àpótí.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ní ohun tí Tíṣà ò wọ̀n. Títí ó fi pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Kọ́kọ́rọ́ ló mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà hàn án, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì jọ fi ń gẹ́ eyín kọ́kọ́rọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ó lè fi ìka tọ́ eyín kọ́kọ́rọ́ kan kó sọ fún ọ bóyá ilẹ̀kùn tó ń ṣí wúwo tàbí ó fúyẹ́. Nígbà tí ọkọ kú, àbúrò ọkọ gbé ìwé kan wá. "Ìyàwó wa, ẹ kàn tẹ̀ka síbí. Ọ̀rọ̀ iná ni." Ó tẹ̀ ẹ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà, bíríkìlà dé, ó mọ ògiri sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Ìwé tí wọ́n pè ní ìwé iná, ìwé pé ó gbà kí wọ́n pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì ni. Ibi tó ṣẹ́kù fún un kò ju kó na apá méjèèjì kí ìka rẹ̀ kan ògiri ní ọ̀tún àti ní òsì.

Kò pariwo. Ó bu omi, ó fi ọṣẹ fọ àtàǹpàkò rẹ̀, ó tún un fọ̀. Nígbà tí ọjọ́ Ajé mọ́, ó lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Ọdún márùn-ún rèé, kò sẹ́ni tó tún rí àtàǹpàkò rẹ̀ lórí ìwé kankan.

Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè gba ìpín keje lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ọmọ náà gbìyànjú. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan, ó sì máa ń wá kí ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ó bá a níwájú ẹ̀rọ tó fi ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́, ìwé nínú páálí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kọ́kọ́rọ́, ìyá ń fi irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fá eyín kọ́kọ́rọ́ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n kà á sínú fóònù fún yín. Ẹ ó kàn máa gbọ́ ọ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n sórí."

"Kí n wá di rédíò?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe ẹlẹ́yà ni."

"Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí mo tẹ̀ka sórí ìwé tí mi ò lè kà, ṣé ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín? Wọ́n ṣe mí jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n tilẹ̀ bá mi di ọwọ́ mú."

Ìyá ní kó bá òun fẹ́ eruku inú ẹ̀rọ kó tó máa lọ, kó má jókòó lásán.

Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn yòókù ń ka ìpín tiwọn ní Sátidé Sátidé. Ìtàn náà dùn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wọ́n. Àwọn ẹbí kan fẹ́ ta ilé ńlá kan létí omi, wọ́n pe awọnlẹ̀ kó wá wọ̀n ọ́n. Awọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n lóde, ó wọ̀n ọ́n nínú. Inú fi ìṣísẹ̀ mẹ́rin kéré sí òde. Ohun tó fà á ni yàrá kan lókè tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí mọ́ láti ogójì ọdún, láti ìgbà tí àwọn ẹbí ti sọ pé ìyá arúgbó tó ni ilé náà rin ìrìn-àjò tí kò sì dé. Lójoojúmọ́, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n máa ń gbọ́ tí ẹnì kan ń wọ́ àga lórí pákó nínú yàrá yẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kan ọ̀rọ̀ àga yìí, Dírẹ́bà ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, pé ooru ń mú òun. Ọjọ́ òjò ni. Ká má purọ́, yàrá tí àwọn fúnra wọn jókòó sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an ò ṣeé fojú di: ẹ̀wù funfun àwọn oníbàárà rọ̀ lókè bí ènìyàn tí kò lórí, ooru áyọ́ọ̀nù sì ń gbé wọn jó díẹ̀díẹ̀. Tíṣà ló túmọ̀ ìtàn fún wọn. Ó ní ó dá òun lójú, àwọn ẹbí ló ti ìyá arúgbó náà mọ́lé títí ó fi kú. Ẹ̀mí rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà àbájáde. Gbogbo wọn gbà. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ní tirẹ̀ ń wo aago. Nílé, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án rẹ̀ ti di méje, méje ti ń di mẹ́fà.

Sátidé keje pé. Alágbàfọ̀ ń lọ ẹ̀wù nídìí tábìlì rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, nítorí iṣẹ́ kì í dúró de ìtàn. Tíṣà dìde.

"A ti jọ sọ ọ́ láàárín ara wa. Ìyá yóò ka ojú ìwé àkọ́kọ́, kí a fi yẹ́ wọn sí. Ẹlòmíràn yóò wá kà á parí, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wa."

"Láàárín ara ta ni?" Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ bèèrè.

"Ìyá, ẹ má bínú..."

"Mi ò bínú. Ara ta ni? Bàbá Abẹ́rẹ́, ẹ̀yin ń kọ́?"

"Èmi kọ́ o," Bàbá Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Òwú ni mo mọ̀."

Ìyá bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ara rẹ̀. "Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ń ka ojú ìwé kan báyìí. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo máa parí. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá jìn kó máa lọ."

Kò sẹ́ni tó dìde. Tíṣà jókòó. Ìyá ṣí páálí.

Ojú ìwé kejì ló ti há. Awọnlẹ̀ dúró níwájú ilẹ̀kùn yàrá ní aago mẹ́ta ku díẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó...

"Ó sá lọ," Tíṣà sọ.

Ìyá gbé ojú sókè. Ó na ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì kí gbogbo ayé rí i pé ìka rẹ̀ kankan kò dìde. Lẹ́yìn náà ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ó tún un kà láti orí dé ìdí: "'Ẹ̀rù bà á, ó... jó... kòó.' Ó jókòó, Tíṣà. Kò sá o. Tiyín ló sá."

"Ẹ ò rí Màmá!" Dírẹ́bà ní, ó ń lu itan.

Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Àwọn mẹ́fà yòókù máa ń kàwé bí ẹni da omi sílẹ̀. Ó ti ṣàn lọ kí ẹ tó mọ̀ pé ó tutù. Ìyá ń kán an ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. "Àga... náà... dúró." Kí ni yóò tẹ̀ lé e? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá gan-an ń wá a bọ̀. "Ẹnì kan... mí... sínú... ihò... kọ́kọ́rọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára díẹ̀," Dírẹ́bà bẹ̀ ẹ́. Òógùn ti bò ó.

"Bí mo ṣe ń rìn nìyí. Jókòó."

"Awọnlẹ̀... kan... ilẹ̀kùn. Láti... inú... yàrá..."

Èéfín sọ. Dírẹ́bà kígbe, ó fò dìde, àga rẹ̀ sì wọ́ kìrììì lórí sìmẹ́ńtì, ni gbogbo ilé bá kígbe tẹ̀ lé e. Àṣé alágbàfọ̀ ló ń dúró de ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, tó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sí àárín ẹ̀yìn ẹ̀wù oníbàárà. Ihò dúdú yọ níbẹ̀, ó rí gẹ́lẹ́ bí áyọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀. Wọ́n da omi sí i, wọ́n ṣí fèrèsé, alágbàfọ̀ ń pariwo pé, "Màmá, ẹ ti pa mí!", ẹ̀rín sì ń pa á. Ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko ló bá a lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìka Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ tó kàn.

"Ṣé ẹ ti ṣe tán?" ó bèèrè. "'Láti inú yàrá, ẹnì kan kàn án padà.'"

Dírẹ́bà dorí kodò.

Ó kà á débi tí awọnlẹ̀ ti pe àwọn káfíńtà, tí wọ́n já ilẹ̀kùn lulẹ̀. Egungun kan jókòó sórí àga, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ihò ilẹ̀kùn náà, níhà inú, ó ti dípẹtà. Níbẹ̀ ni Ìyá dánu dúró. Wọ́n rò pé ó há.

"Ẹ máa kà á lọ, Ìyá," Tíṣà sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó kù díẹ̀."

"Tíṣà, ọdún márùndínlógójì ni mo ti ń ṣe kọ́kọ́rọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà nínú ihò irú ilẹ̀kùn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ níhà inú, kò sí kọ́kọ́rọ́ tó lè wọlé láti ìta. Ẹni tó wà nínú ló tì í. Ẹ bi mí léèrè ìdí."

Ó kọjú sí Tíṣà.

"Nínú ìpín tiyín, ibi tí wọ́n ti ń jẹun, níbi tí kò le rárá, kí ni àwọn ẹbí yẹn ní àwọn máa ń lọ ṣe lọ́dọ̀ ìyá ní aago mẹ́ta?"

Tíṣà ronú. Gbogbo wọn rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà. "Wọ́n ní... wọ́n ní àwọn ń lọ bá a, kó lè fọwọ́ sí ìwé."

"Ẹ ṣeun. Àga yẹn ni ìyá arúgbó náà fi ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Wọn ò tì í mọ́lé. Òun ló ti gbogbo wọn síta."

Kò dúró de àtẹ́wọ́. Ó fi ìka wá ibi tó dé, ó sì kà á lọ, bó ṣe ń rìn, títí dé àmì ìdánudúró ìkẹyìn. Aago mẹ́fà géérégé. Ilẹ̀ kò ṣú.

Tíṣà wá na ìka kan ṣoṣo sókè.

"Ìyá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ẹ tún ibi kọ́kọ́rọ́ yẹn kà fún mi."

Bàbá Abẹ́rẹ́ rán ìwé náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó fi awọ tuntun bò ó, kò sì to ojú ìwé kankan lódì. Ní ọjọ́ kẹrin, ní aago kan ọ̀sán, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù tóóró rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sínú ihò, ó ṣí ìwé sí ojú kìn-ín-ní. Kò tíì ka ìlà mẹ́wàá tí ẹnì kan ti ìta ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Kò wọlé. Ẹni náà yọ ọ́, ó tún ki í bọ̀ ọ́.

"Ìyàwó wa!" Àbúrò ọkọ ni, tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ látijọ́. "Èmi ni. Mo fẹ́ yá ẹ̀mú yín. Kí ló ṣe ilẹ̀kùn yìí?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Kí lẹ wá ń ṣe nínú ibẹ̀?"

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ fi irin rẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ tó dé, kó má baà sọnù.

"Ìwé ni mò ń kà," ó ní. "Ó sì gùn. Ẹ padà wá ní aago mẹ́ta."