Verna, Ẹ̀gbọ́n Akọni Orí Ẹṣin

Èmi ni mo máa ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ilé sinimá kan ṣoṣo tó wà ní ìlú wa ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, mo sì mọ ibi tí Verna Stolle máa ń jókòó: ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí fíìmù àbúrò rẹ̀ bá ti dé, á wá láti oko wọn pẹ̀lú bàtà tó ṣì ní ẹrẹ̀ lára, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jókòó.

Leland ni orúkọ àbúrò náà. Verna ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Nígbà tó di géńdé, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí California láti máa tọ́jú ẹṣin fún àwọn tó ń ṣe fíìmù. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó yẹ kó gun ẹṣin sáré la odò kọjá ń ṣàìsàn, wọ́n bá ní kí Leland gùn ún. Bó ṣe di òṣèré nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ ní Rex Calloway, gbogbo Amẹ́ríkà sì mọ̀ ọ́n: akọni tó ń lé ìgárá ọlọ́ṣà kúrò nílùú, tó sì máa ń dá nìkan lọ nígbẹ̀yìn.

Verna dúró ti bàbá wọn àti màlúù. Ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú bàbá? Kí bàbá tó kú, ọkùnrin náà ti gbé ìyàwó, ó ti bímọ.

Nínú fíìmù kan, Rex Calloway fọwọ́ bo ẹnu, ó pe màlúù bí ìyá wọn ṣe máa ń pè é. Verna kígbe látẹ̀yìn, "Ohùn Màámi nìyẹn!"

"Verna, jọ̀ọ́, jẹ́ ká gbọ́ràn!" ẹnì kan sọ láàárín èrò tó ń wòran. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá, ìlú pe Leland wá síbi àjọ̀dún. Ó gun ẹṣin funfun káàkiri, a ń pàtẹ́wọ́. Verna yan ẹran, ó se ọ̀dùnkún, ó fi mí mọ́ àwọn tó pè. Ní ìrọ̀lẹ́, Leland dé pẹ̀lú ọkùnrin kan láti iléeṣẹ́ fíìmù, tó ń wo aago ṣáá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oúnjẹ yìí mà dùn o." Ohùn wúwo inú fíìmù ló fi sọ ọ́.

Verna wò ó. "Leland, àwa náà ni. Sọ̀rọ̀ bíi tìẹ."

Leland dán an wò, ohùn fíìmù náà ló tún jáde. "Ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ báyìí. Mi ò rí tàtijọ́ mọ́."

"Ó dáa, pe màlúù kí n gbọ́."

"Ọ̀gá, ọkọ̀ ti ń dúró," ọkùnrin yẹn dá sí i. Leland dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó lọ.

Láti ìgbà náà, Verna ò wá sí sinimá mọ́. Mo lọ bá a lóko.

"Ṣé o ń bínú sí i ni?"

"Bínú kẹ̀? Mo rò pé èmi nìkan ni mi ò lẹ́ni. Òun náà ò lẹ́ni; mi ò lè jókòó máa wò ó bẹ́ẹ̀."

Leland kú ní California nígbà òtútù kan. Orí rédíò ni Verna ti gbọ́, níbi tó ti ń fún wàrà. "Rex Calloway ni wọ́n ń pè, wọn ò dárúkọ Leland rárá," ó sọ fún mi. Ó ta àwọn màlúù, ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday mo máa ń lọ bá a mu kọfí.