Ọ̀sẹ̀ Tí Máṣíìnì Ìyá Mi Kọ Sátíìnì

Òórùn kẹrosíìnì àti ọ́ìlì máṣíìnì ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Kí ojú mi tó là tán ni mo ti máa ń mọ̀ pé ìyá mi ti dojú máṣíìnì rẹ̀ dé sórí àkísà, ó ti ki ìyẹ́ adìyẹ bọ kẹrosíìnì, ó sì ń fi í gbá ìdọ̀tí òwú kúrò nínú ikùn rẹ̀. Ilé wa kò jìnnà sí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni máṣíìnì náà ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí ìmọ́lẹ̀. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí ìyá mi tán, á ní kí n wá bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú. Bí mo ṣe mọ inú máṣíìnì kí n tó mọ ìsọdipúpọ̀ nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni abẹ́ abẹ́rẹ́. Eyín wà níbẹ̀, ìlà méjì, ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn kékeré. Bí ìyá mi bá tẹ pẹ́dàlì, eyín yìí á yọrí, á gbá aṣọ mú láti ìsàlẹ̀, á tì í sẹ́yìn díẹ̀, á rì wọlé, á tún yọrí. Lókè, ẹsẹ̀ irin kan ń tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀ kó má baà gbéra. Ohun tó kù fún aránṣọ kò ju kó máa fi ọwọ́ darí aṣọ lọ. "Má fà á, má tì í," ni ìyá mi máa ń wí. "Eyín rẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ bí mo bá ń bẹ iṣu, bí mo bá ń ya irun, àti bí mo bá ń sáré jẹun kí n lè lọ ṣeré.

Aṣọ ilé-ìwé ni ìyá mi ń rán, kákí àti ṣẹ́ẹ̀kì, láti ọdún dé ọdún. Kákí le lóòótọ́, àmọ́ kì í bá eyín máṣíìnì jà. Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ilé-ìwé wà ní ìsinmi, Màmá Díkọ́nì tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa gbé ẹrù kan wá sílé. Sátíìnì funfun ni. Ó fẹ́ kí ìyá mi fi rán aṣọ kúáyà méjìlá fún ayẹyẹ ìjọ, tó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣọ́ọ̀ṣì kò gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi rí. Àwọn aránṣọ ńláńlá ti Ọjà Igbó ni wọ́n máa ń gbé e fún. Nígbà tí Màmá Díkọ́nì lọ tán, ìyá mi tẹ́ sátíìnì náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó tì í, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń rẹ ọmọ tuntun.

Ó gé aṣọ náà ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, ó fi apá kan lé èkejì, ó tẹ pẹ́dàlì. Máṣíìnì kọ̀. Abẹ́rẹ́ ń gún ojú kan náà, òwú ń ṣùjọ, sátíìnì kò kúrò níbi tó wà. Ìyá mi yí súkúrù orí máṣíìnì kí ẹsẹ̀ irin náà lè tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ dáadáa. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń hunjọ bí iwájú orí arúgbó, nígbà tó sì máa fi dé ìparí, aṣọ òkè ti fi ìwọ̀n ìka méjì gùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ọgbọọgba ló gé méjèèjì. Ìyá mi tú u. Ó tún un rán. Ó tún tú u. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dìde, ó ní òun ń lọ ra abẹ́rẹ́ tín-ínrín ní Takie. Ó ní, "Àdùkẹ́, má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Mo fọwọ́ kàn án. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí eyín kò bá lè fà á, kí n bá a fà á. Mo jókòó, mo tẹ pẹ́dàlì, mo na ọwọ́ òsì sẹ́yìn ẹsẹ̀ irin náà, mo sì ń fa sátíìnì náà. Ó ń lọ! Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo bá fà á gidigidi. Abẹ́rẹ́ tẹ̀, ó gbá irin ìsàlẹ̀, "ká!", ó ṣẹ́ sí méjì, ihò kan sì ṣí sílẹ̀ lára apá aṣọ náà, ó tóbi tó kọ́bọ̀ àtijọ́.

Nígbà tí ìyá mi dé, n kò tíì dìde lórí àpótí ìjókòó. Ó wo abẹ́rẹ́, ó wo ihò, ó wo ojú mi. Mo ń retí ìgbátí, ṣùgbọ́n ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ṣí gèlè, ó sì fi ń fẹ́ ara rẹ̀. "Àṣẹ́kù ò sí lára aṣọ yẹn," ni gbogbo ohun tó sọ. Ìyẹn dùn mí ju ìgbátí lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá Díkọ́nì yà wá wo iṣẹ́. Ìyá mi kò bo nǹkan kan. Ó tì mí síwájú. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe, láti orí pẹ́dàlì títí dé orí orin tí mo ń kọ. Màmá Díkọ́nì na apá aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀, ó yọ ojú wò mí láti inú ihò.

"Orin wo lò ń kọ?" ni ó bi mí.

Mo sọ orúkọ orin náà fún un. Ó ní, "Hẹn." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá mi. "Ìyá Àdùkẹ́, ẹ má bínú o. Aṣọ Ọlọ́run ni. Tí mi ò bá rí ẹyọ kan tó dán mọ́rán títí di Ọjọ́rú, màá kó o lọ sí Ọjà Igbó."

Bàbá mi ń ṣe tíṣà ní ìlú Ọ̀yọ́ nígbà náà, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá sílé. Iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ló sì ń gbé e lọ síbẹ̀ nínú ìsinmi yẹn. Òun ló sọ fún wa pé bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ nítòsí ọjà Akẹ̀sán, Bàbá Rájì, tó ń tún máṣíìnì ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a wọ mọ́tò, èmi, ìyá mi, bàbá mi, àti orí máṣíìnì tí a fi ìró wé bí aláìsàn. Orí itan mi ló wà láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri.

Bàbá Rájì tín-ínrín bí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ó wọ dígí méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Ó ní "Bísímílà", ó tú irin ìsàlẹ̀, ó fi ìka pa eyín máṣíìnì, ó sì mú ìka mi, ó ní kí èmi náà pa á. Ó ń yọ̀ bí òkúta odò.

"Kákí ti jẹ ẹ́ tán," ni ó wí. "Ẹ̀yin rò pé òun ló ń jẹ kákí. Wọ́n jọ ń jẹ ara wọn ni."

Ó wá eyín mìíràn jáde láti inú agolo tó kún fún ẹ̀yà máṣíìnì tó ti kú, ó fi fáìlì kékeré pọ́n ọn, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, ó dè é mọ́ ọn, ó sì gbé e sókè díẹ̀ kó lè yọrí dáadáa. Ó fi sátíìnì dán an wò. Òwú kò ṣùjọ mọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi rí i pé aṣọ òkè ṣì gùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìsàlẹ̀ ló ní eyín. Òkè ò ní. Ta ló ń fa ti òkè?"

Ìyá mi gbá mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Rájì ti bọ́ dígí kan lójú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ó wí. Ó wá dá mi lóhùn bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kò sẹ́ni tó ń fà á, ọmọ mi. Ó kàn ń tẹ̀lé èkejì rẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ irin tún wà lórí rẹ̀ tó ń dá a dúró. Kákí á fi agídí tẹ̀lé e. Sátíìnì ò lágídí." Ó dẹ súkúrù tí ìyá mi ti fún jù. Ìyẹn ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Ó mi orí. "Ibi tí ọgbọ́n tèmi mọ nìyí. Bí ìwọ bá rí ìyókù, wá sọ fún mi. Abéèrè kì í ṣìnà."

Àgbàlagbà kan sọ fún mi pé òun kò mọ̀, ó sì ní kí n wá sọ fún òun! Ẹrù orí itan mi kò wúwo mọ́ nígbà tí a ń padà sílé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, mo gbé ojú mi bá abẹ́rẹ́ dọ́gba, ìyá mi sì ń tẹ pẹ́dàlì díẹ̀díẹ̀. Mo rí i bí ẹsẹ̀ irin ṣe ń gbá sátíìnì mú. Mo ronú pé tí nǹkan mìíràn bá wà láàárín wọn ńkọ́, tí yóò máa jẹ ìyà irin, kí aṣọ máa rìn lábẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà? Mo sáré mú ìwé ìròyìn bàbá mi, mo ya á tẹ́ẹ́rẹ́, a fi lé orí aṣọ, a rán an mọ́ ọn. Ìparí aṣọ méjèèjì dọ́gba! Ìyá mi pariwo. Mo fò sókè. A ya ìwé náà kúrò lójú ìrán, ibi tí abẹ́rẹ́ gbà, ó ń dún "ṣírí-ṣírí-ṣírí", ni a bá rí i pé àwòrán ẹnu olóṣèlú kan ti kọ dúdúdúdú sára sátíìnì funfun.

Ẹ̀rín pa ìyá mi débi pé ó jókòó sílẹ̀. Ó fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́ fún wákàtí kan kí ẹnu olóṣèlú náà tó kúrò. Èmi ti lọ mú ìwé ìṣirò mi. Mo ya gbogbo ojú ewé tí n kò tíì kọ nǹkan sí. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, tíṣà bi mí pé kí ló jẹ ìwé mi. Mo ní, "Sátíìnì ni, sà." Mo kúnlẹ̀ ọjọ́ náà.

Ní Ọjọ́rú, Màmá Díkọ́nì dé. Aṣọ kan ti wà lára ìkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀lé ojú ìrán láti abíyá dé ìsàlẹ̀, lọ, bọ̀. Kò rí ìhunjọ kankan. "Ihò yẹn ńkọ́?" ni ó bèèrè. Ìyá mi na apá aṣọ sí i. Ó ti gé àgbélébùú kékeré láti ara aṣọ aláwọ̀ sánmà, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò náà. Ó ní tí wọ́n bá gbà, òun á fi irú rẹ̀ sí méjèèjìlá.

Màmá Díkọ́nì wo àgbélébùú náà títí. "Ẹ fi sí gbogbo wọn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n eléyìí, tèmi ni."

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, àwọn akọrin wọlé ní ìlà méjì, wọ́n ń dán gbinrin. Àwọn èèyàn ń sọ sí ara wọn létí pé àgbélébùú yẹn mà rẹwà o, ta ló rò ó? Màmá Díkọ́nì ló ṣáájú. Nígbà tó gbé apá sókè láti darí orin, ó yí apá tó nihò sí ọ̀nà ibi tí mo jókòó, ó ṣẹ́jú sí mi. Ìyá mi kò kọrin ọjọ́ náà. Ojú ìrán ló ń wò.

Iṣẹ́ Bàbá Rájì ni mo ń ṣe báyìí, ní Ọ̀yọ́ náà. Bàbá Rájì ti kú. Mo ti lọ sọ ọ̀rọ̀ bébà tí a fi lé orí sátíìnì fún un nígbà ayé rẹ̀, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ń tún eyín máṣíìnì ṣe fún àwọn aránṣọ, mo ń bá wọn wá bí aṣọ yóò ṣe máa lọ geerege. Máṣíìnì tuntun wà tí òkè rẹ̀ ní eyín bí ìsàlẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní Ọ̀gá. Mo ní dígí tèmi, ẹyọ kan ṣì ń tó mi.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan kó àwa oníṣẹ́ máṣíìnì jọ, ó fi oríṣi kan hàn wá tó jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún eyín rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ibì kan wà láàárín tí kò yé mi rárá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, gbogbo èèyàn ń mi orí. Èmi náà mi orí. Èmi, Ọ̀gá! Kí ni wọ́n á máa wí tí mo bá bèèrè?

Ojú tì mí dé ilé. Ní ọjọ́ kejì, mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ bí aṣọ tó nípọn ṣe ń yí ìgbésẹ̀ eyín padà, kò yé mi."

Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé o, mà. Kò yé èmi náà dáadáa. Kò sẹ́ni tó bèèrè ni."

A jọ ṣí ìwé máṣíìnì náà, òun ní Ìbàdàn, èmi ní Ọ̀yọ́, títí ó fi yé wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì yẹn kò mọ ìdajì ohun tí mo mọ̀ lónìí. Síbẹ̀, ní ti ìbéèrè, ó fi odindi ọjọ́ kan yá jù mí lọ.