Ẹni Tí Salaseini Fi Ṣe Igbákejì

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Salaseini Naborisi fi jẹ́ olórí àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní ìlú Suva. Ọmọ erékùṣù Kadavu ni, ọmọ atukọ̀, kì í sì í pariwo. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa sọ pé bí inú bá ṣe ń bí Dókítà tó ni ohùn wọn ń rẹlẹ̀ sí i, pé èèyàn ní láti na etí kó tó gbọ́ ìbáwí tí wọ́n ń bá a wí. Kò fi ipò sá fún iṣẹ́. Láràárọ̀, kó tó wọ yàrá ìpàdé, á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ àwọn ìkókó tí oṣù wọn kò pé, á máa fi ìka kan ṣoṣo kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

Apenisa Rokodi ni igbákejì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fà á sókè. Nígbà tí Apenisa ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ìṣègùn, tó ti ń di ẹrù lọ sí New Zealand bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Salaseini ló pè é jókòó, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun lọ́dún kan péré. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá iṣan lára ọmọ tí apá rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò àgbà lọ. Ọdún kan di mẹ́wàá. Ilé Salaseini ló ń gbé títí tó fi gbéyàwó, nígbà tó sì bí ọmọ obìnrin, orúkọ Salaseini ló sọ ọ́.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ́síjìn fún ilé ìwòsàn náà. Ó ti gbó, ó ń kú, ó ń jí. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ọdún kan ni Salaseini kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwòsàn pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Òun àti Apenisa ni wọ́n jọ fọwọ́ sí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn kò rí èsì kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, tí òjò ń rọ̀ bíi kó gbé ilé lọ, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Àgbá ọ́síjìn mẹ́ta ló wà ní ìpamọ́. Òfìfo ni méjì. Vasemaca, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ń fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sí àwọn ìkókó nímú, ó ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, títí àwọn yòókù fi sáré dé. Ìkókó méjì kú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri pé nọ́ọ̀sì ni kò bìkítà, pé kò tètè so àgbá. Ìjọba gbé àwọn olùwádìí dìde. Ní Sátidé tó ṣáájú ìjókòó wọn, Apenisa wá sílé Salaseini, wọ́n jọ jẹ ẹ̀gẹ́ àti ẹja tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Salaseini sọ fún un pé òun wá ẹ̀dà lẹ́tà wọn nínú fáìlì, òun ò rí i, àfi bíi pé ẹnì kan yọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé ló lè sọnù," ni Apenisa wí. "Èmi tí mo fọwọ́ sí i ò tíì sọnù. Ẹ ẹ́ sọ tiyín, màá sọ tèmi. Ta ló máa ní irọ́ la pa?"

Ọkàn Salaseini balẹ̀. Ó tiẹ̀ di ẹja tó kù fún un pé kó gbé e fún ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Salaseini ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ oṣù tí wọ́n kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ohun tó wà nínú wọn, àti àwọn tó fọwọ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Apenisa, tí alága sì bi í bóyá bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí.

Apenisa wo Salaseini lójú. "Dókítà Naborisi máa ń ráhùn nípa ẹ̀rọ náà nígbà mìíràn," ló wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Ní ti lẹ́tà, mi ò rántí pé mo fọwọ́ sí nǹkan kan."

Salaseini rò pé òun ni kò gbọ́ dáadáa. Ó ń dúró de gbólóhùn tó máa tẹ̀ lé e, èyí tó máa tún un ṣe. Kò dé. Ohun tó dùn ún jù lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ojú tó fi wò ó. Ká ní Apenisa wolẹ̀ ni, òun ì bá sọ pé ìtìjú ló ń bá a.

Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí Salaseini fi ipò sílẹ̀, wọ́n dá Vasemaca dúró lẹ́nu iṣẹ́, Apenisa sì bọ́ sórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà náà ló tó yé Salaseini pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣèlérí àga náà fún Apenisa kí Sátidé tó dé, kó tó jókòó jẹ ẹja òun. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Àwọn dókítà àgbà tí wọ́n ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu, wá ń kí i ní kọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi jáde. Lọ́jọ́ karùn-ún, Vasemaca kan ilẹ̀kùn. Kò sunkún. "Mà, àdúgbò mi ni ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ń gbé," ló wí. "Tí mo bá ń kọjá, ó ń yíjú. Ṣé bó ṣe máa wà nìyí?"

Lọ́jọ́ kejì, Salaseini wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Nausori, sílé Dharmendra, ọ̀gbẹ́ni tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti rántí pé òun fi ẹ̀dà lẹ́tà kẹta ránṣẹ́ sí i kó lè sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n máa rà. Bàbá náà fún un ní tíì, ó wá tú ìwé àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kalẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Nígbà tó rí lẹ́tà náà, omi òjò ti ba etí rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n fi sí i hàn kedere.

Salaseini gbé e lọ fún àwọn olùwádìí, lẹ́tà yẹn ló sì yọ Vasemaca. Wọ́n wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ìwé ìròyìn, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ra ẹ̀rọ tuntun. Apenisa ní ìbànújẹ́ ikú àwọn ọmọ náà ló jẹ́ kí òun gbàgbé, ìgbìmọ̀ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún Salaseini pé ó ṣe wọ́n láàánú, àyè rẹ̀ ti kún. Ó padà sí Kadavu, ó ń tọ́jú ọmọ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Vunisea.

Ní oṣù kẹsàn-án, Apenisa wọ ọkọ̀ ojú omi wá pẹ̀lú àwọn àgbà ilé rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n sì na eyín àbùùbùtán sí Semesa, ẹ̀gbọ́n bàbá Salaseini, láti tọrọ àforíjì. Bàbá náà gbà á. Nílẹ̀ wọn, bí àgbà bá ti gba eyín náà, ọ̀rọ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ hú u mọ́.

Apenisa sún mọ́ Salaseini. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti tán nínú yín?"

"Bàbá ti gbà á, mi ò ní bá ẹ jà," ni Salaseini dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé Apenisa ní láti tẹ̀ síwájú. "Ṣùgbọ́n má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Dókítà ni kó o máa pè mí."

Ó bu yaqona, omi gbòǹgbò tí wọ́n fi ń parí ìjà, fún un bí àṣà ti wí, ó dúró títí ó fi mu ún tán, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mẹ́fà ti gbé ọmọ wọn jókòó dè é.