Àgbàdo Inú Garawa

Ẹ bá mi yin àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó, àwa ọlọ́lá tí a kì í ráyè. Ẹni tó bá ráyè láàárín wa, ẹ wò ó dáadáa, àlejò ni.

Abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ni bàbá télọ̀ agbo ilé wa ti wá. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ojú rẹ̀ fọ́. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ó gbóòórùn ilẹ̀, ó gbin àgbàdo sínú garawa tó ti jò, ó sì ń bẹ̀ wá pé kí ẹnì kan mú òun dé oko bàbá òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò ráyè,” ni oníṣòwò Apọ́ngbọ̀n kan wí, láìgbójú sókè nídìí ọpọ́n.

“Ayò tí mò ń gbọ́ yìí, àǹjọ̀nú ló ń ta á?”

A rẹ́rìn-ín gan-an.

Bàbá kú kí àgbàdo náà tó gbó. Lọ́jọ́ tí a sin ín, gbogbo agbo ilé ló ráyè. Nígbà tó yá, a tún ráyè sun àgbàdo rẹ̀ jẹ.

Ó ti bẹ èmi náà rí. Ìwé ìròyìn ni mò ń kà lọ́wọ́. Mo ní mi ò ráyè.