Ṣé Ẹnìkan Wà Nínú Wọn?

Ọ̀gá tó rán mi níṣẹ́ burúkú yẹn, n kò ní fi "wọ́n" pè é nínú ìtàn yìí. "Ó" ni n ó máa pè é. Bó bá dùn ún, kó wá bá mi ní Agége, mo ṣì wà níbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ aṣọ híhun kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láyé ìjọba ológun, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, gbòde. SAP yẹn, ẹni tí kò bá a pàdé kó dúpẹ́. Owú wọ́n, aró wọ́n, ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ náà nìyẹn. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí àwọn kan yanṣẹ́ lódì nítorí ẹ̀, ni wọ́n bá lé àwọn yẹn náà, wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ọgbà náà mọ́ láéláé. Bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n lé. Bàbá mi kì í ṣe oníwàhálà o. Ìdí aró ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé. Wọ́n kàn tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ wọn jáde ni, torí wọ́n ní ẹni tó bá jókòó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde, ojú ni yóò máa tì í.

Èmi ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ ọkọ mi ni mo ń jẹ́ nínú ìwé wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ pé bàbá àti ọmọ ni wá. Yàrá kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi mí sí. Yàrá yẹn nìkan ló ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú gbogbo ọgbà, torí kọ̀ǹpútà kò fẹ́ ooru. Èèyàn ló lè máa làágùn.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ tún yọjú díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba kásúà, àwọn tí wọ́n máa ń gbà bí iṣẹ́ bá pọ̀, tí wọ́n á lé bí iṣẹ́ bá tán. Géètì ni wọ́n ń tò sí, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa kọ káàdì wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbójú sókè báyìí, bàbá mi ló dúró níwájú mi. Wọn kò sọ fún mi nílé! Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Háà! Bàbá tó bí mi! Díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Orúkọ bàbá bàbá wọn ni wọ́n dá fún mi. Nígbà tí mo bá wọn jà sí i nílé, ṣe ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Orúkọ bàbá bàbá ẹni kì í ṣe irọ́. Ọjọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ, orúkọ mẹ́fà ni wọ́n fún mi. Èwo ni mo jí níbẹ̀?"

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Káàdì náà máa ń béèrè ìlú àti ọjọ́ ìbí. Ta ló kọ ọjọ́ ìbí àwọn àgbà wọ̀nyẹn sílẹ̀? Bí mo bá bi wọ́n, èyí á ní, "Àsìkò ogun òyìnbó ni," tọ̀hún á ní, "Ọdún tí eṣú jẹ oko wa." Káàdì kò mọ eṣú. Nítorí náà ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni mo máa ń kọ fún wọn, ọdún kan náà sì ni mo máa ń kọ fún gbogbo ẹni tó bá ti dárúkọ ogun. Bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé tó ṣáájú mi ń ṣe, òun ló kọ́ mi. Ìlà gùn, oòrùn ń pa wá, ta ló ráyè?

Kò ju oṣù mélòó kan lọ, ọ̀gá pè mí. "Mo gbọ́ pé àwọn tí a lé ti yí orúkọ padà, wọ́n sì ti padà wọlé bíi kásúà. Fi kọ̀ǹpútà wá wọn. Má fi orúkọ ṣe é, ìlú àti ọjọ́ ìbí ni kí o fi wé ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: ṣé ẹnìkan wà nínú wọn? Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní, "Ó dáa, sà." Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ǹ bá kọ láàárín wákàtí méjì. N kò sọ fún bàbá mi, torí mo mọ̀ wọ́n, wọ́n á ní kí n ṣe é bó ṣe yẹ. Mo rò ó pé kí n kọ ọ́ lọ́nà tí yóò fi máa dáhùn pé kò sí, ohun yòówù kí wọ́n bi í. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí gbọ́ iṣẹ́ náà díẹ̀. Ó máa ń ní kí a tẹ ètò wa sórí ìwé, á sì máa fi bírò tọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ká mi mọ́ ọn, àtèmi àti bàbá mi la ó jọ wà nílé.

Mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Yóò mú kásúà kọ̀ọ̀kan, yóò fi wé àwọn tí wọ́n lé. Bó bá rí ẹyọ ẹnìkan tí ìlú àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá ti ẹnìkan mu, yóò sọ pé ó wà, yóò sì dúró síbẹ̀. Kò ní wo àwọn yòókù. Ìbéèrè tí wọ́n bi í nìyẹn. Bí ìyàwó ilé bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkúta wà nínú ẹ̀wà, ẹyọ kan tó bá kọ́kọ́ rí ti tó o. Kò di dandan kó ka gbogbo rẹ̀ kó tó dáhùn.

Ọjọ́ tí a ṣe é, ọ̀gá dúró sẹ́yìn mi. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kò pẹ́ rárá tó fi dáhùn pé ó wà.

"Ta ni?"

Nọ́ńbà káàdì jáde. Mo wò ó, mo tún un wò. Kì í ṣe ti bàbá mi. Ti bàbá agbálẹ̀ ni, bàbá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, tó ń gbá ìdọ̀tí owú lábẹ́ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà wọn ló ṣáájú ti bàbá mi. Ara mi balẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí o: ara mi balẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn náà ni ojú mi wá là. Bàbá agbálẹ̀ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí! Oko ni wọ́n ti wá sí Èkó. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní tí mo fọwọ́ ara mi kọ fún wọn ló bá èyí tí akọ̀wé tó ṣáájú mi kọ fún bàbá mi mu.

Ọ̀gá ní, "Ẹni yìí nìkan ni?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kí ẹ̀rọ máa wò ó lọ, káàdì bàbá mi ló kàn. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá ní ọjọ́ ìbí yẹn kì í ṣe òótọ́, ọ̀gá yóò wá ohun mìíràn tí yóò fi wá àwọn tí wọ́n lé. Mo ní, "Òun ni ẹ̀rọ mú, sà." Kì í ṣe irọ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ojú wíńdò ni mo wà tí wọ́n fi mú bàbá agbálẹ̀ jáde. Bàbá náà ń bi ọlọ́dẹ géètì pé, "Kí ni mo ṣe? Ẹ sáà sọ ohun tí mo ṣe." Ọlọ́dẹ kò mọ̀. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ọlọ́dẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kó tó ti géètì.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti bàbá mi ń rìn lọ sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége. Ìgbà tí a bá kọjá ọgbà la tó máa ń sún mọ́ra. Bàbá mi ní, "Wọ́n lé ẹnìkejì mi lónìí. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló mú un." Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn, mo rò pé wọ́n á ṣàánú mi.

"Ṣé o mọ̀ pé òun kọ́?"

"Mo mọ̀, sà."

"O sì dákẹ́?"

Wọn kò bá mi jà. Ká ní wọ́n gbá mi létí, ì bá sàn. Wọ́n kàn ń rìn lọ níwájú, wọn kò sì jẹ oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ fún wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí pé kí n kó àpótí káàdì wá. Bí mo ṣe wọlé, bàbá mi ni mo bá níbẹ̀, fìlà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Èmi lẹ ń wá. Ẹni tí ẹ lé lánàá, kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀."

Ọ̀gá ní kí akọ̀wé rẹ̀ lọ pe bàbá agbálẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá mi. "Bàbá, báwo lẹ ṣe wọlé? Ẹnìkan ló mú yín wọlé. Ṣé ẹ ní ẹnìkankan nínú ilé-iṣẹ́ yìí?"

Bàbá mi kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

"Kò sí, sà," wọ́n ní. "N kò ní ẹnìkankan níbí."

Ọ̀gá ní kí n yọ káàdì wọn, kí n kọ ohun tí wọ́n sọ sí i. Mo mú bírò. Mo sì kọ ọ́: kò ní ẹnìkankan níbí.

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, bàbá mi dé fìlà wọn. Wọ́n tẹríba díẹ̀ fún ọ̀gá, wọ́n sì yíjú sí mi.

"Ẹ ṣé, mà," wọ́n ní, wọ́n sì jáde.