Púùlù àti Àyè Ẹ̀gbẹ́ Bàbá

Òórùn kòkó tó ń kan lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn, nílé wa ní Odode. Oòrùn kò tíì yọ lẹ́yìn òkè. Bàbá ti wà nídìí ẹní, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tí a sá, ọ̀rọ̀ púùlù ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Màmá, ọmọ ìjọ Aládùúrà pọ́ńbélé, kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

"Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé," ni Bàbá wí, "kí ló dé tí òyìnbó fi ń pè é ní púùlù? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni yóò máa jókòó tì mí nídìí rédíò nígbà tí wọ́n bá ń ka èsì."

Mo ti ń wá àyè yẹn tipẹ́. Kíá ni mo dáhùn pé orúkọ ọkùnrin tó kọ́kọ́ ta á ni. Bàbá mi orí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fúnkẹ́, àbúrò mi, sáré jáde. Ilé tíṣà tó háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló gbà lọ. Ó padà dé, ó ní àwọn ará Faransé ló ni ọ̀rọ̀ náà, adìyẹ ló ń jẹ́ lédè wọn. Wọ́n á so adìyẹ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa sọ òkò sí i, ẹni tí òkò rẹ̀ bá bà á ló ń gbé e lọ. Nígbà tó yá, wọ́n wá ń fi orúkọ náà pe owó tí gbogbo atatẹ́tẹ́ bá kó jọ.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Adìyẹ! Abájọ tí mo ń sọ òkò látọjọ́ yìí tí n kò bà á!"

Bí Fúnkẹ́ ṣe gba àyè yẹn nìyẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi á máa ṣa kòkó, àwọn méjèèjì á máa kígbe pọ̀ nídìí rédíò. Mo jowú débi pé bó ṣe ń sín pàápàá ń bí mi nínú.

Fúnkẹ́ ń gbé Àkúrẹ́ báyìí. Èmi ni mo wà pẹ̀lú Bàbá, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pe èmi náà ní Màmá Àgbà. Ní Sátidé tó kọjá, mo tan rédíò fún un, mo jókòó tì í. Ó na ọwọ́, ó di èjìká mi mú.

"Fúnkẹ́," ni ó wí, "ṣé òkò wa ti ba adìyẹ náà?"

Ó dùn mí wọra. Orúkọ mi ti dé ètè mi, bí ìdáhùn ọjọ́sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbóná léjìká mi.

"Ó ku díẹ̀, Bàbá," ni mo wí, mo sì sún mọ́ ọn sí i.